Ahọ́n Agogo Wà Nídìí Agbon

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń sá ìwé ní Àgbékà, ẹnikẹ́ni kì í yan ẹja lórí òrùlé. Kì í ṣe òfin, ìtìjú lásán ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé èéfín ẹja òun ló ba ìwé kan ṣoṣo tí ìlú ní jẹ́? Nítorí náà ni afẹ́fẹ́ òkun ṣe mọ́ tónítóní láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Ìbíyẹmí gbé agbọ̀n ìwé lé orí, tó sì gun àtẹ̀gùn méjìdínlógójì dé òkè Ilé Ìkàwé.

Agbọ̀n náà wúwo ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn babańlá wọn ló gbé e jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lọ́dún tí òkun bo ìlú ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé sórí òpó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé e, á mí hẹ̀ẹ̀, á ní, "Iṣẹ́ àtijọ́ nìyí. Àwọn tó hun ún ò ṣọ̀lẹ."

Ìbíyẹmí tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó gbé ìwé náà lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí oòrùn lè rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sá a nìyí. Ó ti ń ka ìwé fún ìlú ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí orúnkún Akàwé àgbà kọ àtẹ̀gùn gígùn, ṣùgbọ́n orí pátákó oníná ló ti máa ń kà á. Ìwé gan-an kì í jáde àfi lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń ṣe ojú ẹni bákan, nítorí kò ní àmì kankan. Àwọn ará àtijọ́ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí àwọn ń wí, ẹni tí kò bá gbọ́ kó lọ kọ́ ọ.

*Àwọn Awádìí-Má-Sùn* ni orúkọ ìwé náà. Àròkọ méje ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí Ìbíyẹmí wà lọ́mọdé, ìkọ̀ọ̀kan dá lórí ọ̀ràn kan tí kò sẹ́ni tó rídìí ẹ̀, àti ẹnì kan tó fi ayé rẹ̀ wá ìdí ọ̀hún kiri. Atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fi ọdún méjìlélógún kọ àkókò tí iná kan máa ń tàn lórí ọ̀sà sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tó ń súfèé nínú kànga. Ìbíyẹmí fẹ́ràn nọ́ọ̀sì yẹn débi pé ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ìfé sísú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Olóye, ẹ̀rọ tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè aráyé, rí ìdí ọ̀rọ̀: ìkòkò tó sán ló wà nínú kànga, afẹ́fẹ́ ló ń gbà á kọjá. Ọ̀gá kan wá láti olú-ìlú, ó yọ abẹ, ó gé àròkọ nọ́ọ̀sì kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé mẹ́fà. Kùkùté bébà wọn ṣì wà lẹ́yìn ìwé, wọ́n dà bí eyín arúgbó.

Èyí tó kù ni àròkọ ahọ́n agogo.

Kò sí ọmọ Àgbékà tí kò mọ̀ ọ́n sórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ìlú ìsàlẹ̀, ọmọ iléèwé kan fa okùn agogo, agogo ò fọhùn. Wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, ahọ́n ti lọ. Bébà kékeré kan ni wọ́n so mọ́ okùn, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló sì wà lórí rẹ̀. Tíṣà Ògúnṣànwò fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá ahọ́n náà kò rí i. Agogo yẹn kan náà ló so mọ́ ẹnu ọ̀nà Ilé Ìkàwé títí dòní, tó ń wo gbogbo ẹni tó ń wọlé láìsọ nǹkan kan.

Ìbíyẹmí fi ìka tọ ọ̀rọ̀ márùn-ún náà lójú ewé, bí Tíṣà ti rí i gan-an: *Ahon agogo wa nidi agbon.*

Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe kọ ọ́ báyìí? Lórí pátákó oníná, kedere ló wà: *nídìí àgbọn.* Olóye ló fi àmì sí i kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ìdí igi àgbọn ni ahọ́n wà. Ó yí ewé náà sí oòrùn. Nígbà tó ṣe, ó kó aṣọ jọ, ó gbé ìwé padà sínú agbọ̀n, ó sì ń kùn ún lẹ́nu bí orin, "nídìí agbon, nídìí agbon," títí ẹnu rẹ̀ fi ṣèèṣì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ dì mú.

Nídìí agbọ̀n.

Ó dúró. Ó yọ ìwé kúrò. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ó tẹ̀ ẹ́. Ìdí méjì ni agbọ̀n náà ní, ọ̀kan lórí èkejì, ohun líle kan sì wà láàárín wọn tó gùn tó ìka àárín. Ó tún tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìbí! Ṣé o wà lókè?"

Bàbá Ṣówándé ni. Kò sí ọ̀nà tí Ìbíyẹmí ì bá gbà tún ojú ṣe kó tó gòkè dé, nítorí Bàbá náà, pẹ̀lú ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin rẹ̀, ṣì ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọ ogún ọdún. Ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin dé orúnkún. Bírikìlà òpó ni tẹ́lẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí òkun bá ti fà, á wa ọkọ̀ lọ sí ebè iyanrìn níbi tí oko àgbọn àtijọ́ wà, á sì fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí kùkùté kan. Ẹgbẹ̀ta lé mọ́kànlá ni kùkùté ibẹ̀. Ó ti gbẹ́ ẹgbẹ̀ta lé méjì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni Ìbíyẹmí wí, ó kúnlẹ̀, ó sì jókòó ti agbọ̀n náà bí ẹni tó fẹ́ sinmi.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mo gbé àlejò wá fún ẹ. Mo bá a létí omi, ó ń wá ọkọ̀."

Àlejò náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba aláwọ̀ eérú, àpò awọ kan wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìbíyẹmí mọ ohun tó ń wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Abẹ ni.

"Kásìmáawò lorúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó rí èémí fà. "Láti Ọ́fíìsì Ìbéèrè. Ẹ̀yin ni Akàwé?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú àbọ̀."

"Ìbéèrè mélòó ló ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Ẹyọ kan." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Bí kò bá sí mọ́, ẹ mọ ohun tó kàn?"

"Ẹ ó kó bẹ́ǹṣì wa, ẹ ó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́bọ̀ á sì di ọjọ́ iṣẹ́ bíi tàwọn yòókù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìlú tí Olóye ti dá lóhùn tán, kí ló tún fẹ́ fi Ilé Ìkàwé ṣe?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un, kì í ṣe bí ẹni tó dùn mọ́. Ó wo ìwé, ó wo oòrùn, ó béèrè ibi tí òun ti lè rí oúnjẹ jẹ. Ìbíyẹmí júwe ilé Ìyá Ràfátù fún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ó wá ku Bàbá Ṣówándé, Ìbíyẹmí, àti agbọ̀n.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ wà nísàlẹ̀ tó ń jẹ ẹja, ó sì wò ó pé bí òun bá la ẹnu báyìí, Àgbékà ò ní tún jókòó pọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kankan mọ́. Bí òun bá sì pa ẹnu mọ́? Ìka rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìka kì í sì í ṣòfófó.

"Bàbá," ló wí, "bí ẹ bá rí i lọ́la, kí lẹ máa ṣe ní ọ̀tunla?"

"Màá sùn títí oòrùn á fi là mí lójú." Bàbá jókòó sórí ògiri kékeré etí òrùlé, ó ń fún ṣòkòtò rẹ̀. "Jẹ́ n sọ ohun kan fún ẹ tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kan. Mélòó lo rò pé mo gbẹ́ lọ́dún tó kọjá?"

"Ogún?"

"Méjì. Mo ń lọ síbẹ̀, mo ń jókòó nínú ọkọ̀, mo ń wo ẹyẹ. Ó ku mẹ́sàn-án, Ìbí. Bí mo bá gbẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ń wá nǹkan, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá wá a tán tí ò rí i, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde. "Jẹ́ n lọ pààrọ̀ aṣọ. O mọ̀ pé mi ò lè fi ṣòkòtò tútù gbọ́ ìtàn Tíṣà."

Ìbíyẹmí wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá arúgbó yìí ju bó ti lè sọ lọ, ọkàn rẹ̀ sì dà rú.

Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ilé Ìkàwé ti kún. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe gbé àwọ̀n wọn dání, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi fi epo ọwọ́ wọn wọlé, Ìyá Ràfátù sì ti gba ààyè iwájú bó ti máa ń ṣe láti ogójì ọdún. Lára ògiri, iná àwọ̀ ewé ń tàn lójú Olóye. Kásìmáawò jókòó sẹ́yìn, ó gbé àpò awọ lé itan. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÌBÉÈRÈ TÓ ṢÍ SÍLẸ̀, 1.

Ìbíyẹmí gbé agbọ̀n síwájú, ó gbé ìwé jáde kí gbogbo ènìyàn rí i bí àṣà ọjọ́ ìsáwèé ti rí, lẹ́yìn náà ló kọjú sí pátákó oníná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ti pinnu láti kà á bó ti wà. Ìyẹn ni ó sọ fún ara rẹ̀.

Ìlú ń bá a kà á. Bó bá dé ibi tí ọmọ iléèwé ti fa okùn, àwọn ọmọdé á fi ẹnu ṣe "pòò." Bó bá dé ibi tí Tíṣà ti fi bàtà rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin á ní, "Ó fi sílẹ̀ lóòótọ́." Ó wá kan ibi tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù.

"Lẹ́yìn èyí," ni Ìbíyẹmí kà, "Tíṣà Ògúnṣànwò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìdáná àwọn ènìyàn kiri. Ìyàwó ilé kan sọ fún mi pé òun bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò sì lè sọ ohun tó ń wá."

"Ebi ló ń pa á," ni Ìyá Ràfátù wí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yẹn láti ìran mẹ́ta. Ta ní í wá ohun tó wà nídìí igi àgbọn lọ sí ilé ìdáná? Bàbá Ṣówándé náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ẹ̀rín Bàbá yẹn ló kó bá Ìbíyẹmí. Ó rí i lójú ara rẹ̀: Tíṣà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń tú agbọ̀n iyọ̀, agbọ̀n ata, agbọ̀n gaàrí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tíṣà mọ ohun tó ń ṣe. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Lọ́dún díẹ̀ sí i, wọn ó máa fi bàbá kan tó gbẹ́ ẹgbẹ̀ta kùkùté rẹ́rìn-ín bákan náà, òun Ìbíyẹmí ni yóò sì máa kà á fún wọn. Kò lè ṣe é.

Ó dé ibi ọ̀rọ̀ márùn-ún.

"Ahọ́n agogo," ló kà, "wà nídìí agbọ̀n."

Iná Olóye di pupa. "Akàwé, ohùn yín yà kúrò lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà."

"Ahọ́n agogo wà nídìí agbọ́n."

Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń fi ìka ta èkejì.

"Akàwé, ohùn yín yà kúrò lọ́nà."

"Nídìí àgbọ̀n," ni Ìbíyẹmí wí, ó sì di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ mú. "Ibẹ̀ náà ni ahọ́n ń wà, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Oníyẹ̀yẹ́ ni ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó." Ó gbé ojú ewé àtijọ́ sókè. "Kò fi àmì sí i. Olóye ló fi sí i fún wa. Ó rí òkun, ó rí igi àgbọn, ó sì yan àgbọn."

Ẹ̀rín ti tán. Wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kásìmáawò ti dìde dúró. Bàbá Ṣówándé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ilé ìdáná," ló wí. "Kì í ṣe ebi. Agbọ̀n ni Tíṣà ń wò nílé ìdáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èwo wá ni agbọ̀n náà?"

Ìbíyẹmí gbé agbọ̀n ìwé, ó rìn láàárín bẹ́ǹṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀," ló wí. "Mi ò ṣí i. Ẹ̀yin lẹ ni í. Ẹ má bínú pé mi ò sọ ọ́ lókè. Ẹ̀rù ló bà mí."

Bàbá ki ọwọ́ sí ìdí agbọ̀n. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé rò pé yóò sunkún. Ó ní, "Ẹgbẹ̀ta kùkùté." Ó tún ní, "Ẹgbẹ̀ta lé méjì!" Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti ikùn rẹ̀ bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ìbí, èmi kan náà ló máa ń bá Akàwé àgbà gbé agbọ̀n yìí gòkè lọ́dọọdún! Èmi ló máa ń ní ó wúwo!"

"Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó," ni Ìyá Ràfátù wí, "ó wà lápò ṣòkòtò." Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n mú ọ̀bẹ wá fún Bàbá. Ó gé ìdí àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́, ó sì fa ohun kan jáde tí wọ́n fi aṣọ tí a kùn ní ìda wé. Irin ni, ó dúdú, orí rẹ̀ rí roboto. Bébà kékeré kan já bọ́ lára rẹ̀. Bàbá di ahọ́n agogo mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó fi í kan iwájú orí rẹ̀.

Nígbà náà ni Kásìmáawò dé iwájú, ó sì ti ṣí àpò awọ.

"Ẹ kú oríire," ló wí. Ó dún bí ẹni pé ó fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọ̀ràn ti ní ìdáhùn. Akàwé, ẹ fún mi ní ìwé."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ìyá Ràfátù wo bẹ́ǹṣì abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀rẹ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ìbíyẹmí fún un ní ìwé, abẹ sì gba ẹ̀yìn àròkọ keje kọjá. Ó dùn ún wọra. Kásìmáawò ká ojú ewé náà sínú àpò, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti pa òǹkà ọ̀kan tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ́.

"Ẹ dúró, sà," ni Ìbíyẹmí wí. Bébà tó já bọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń wò ó tipẹ́, ètè rẹ̀ sì ń fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ tó tilẹ̀kùn, ṣé mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi Olóye ní ìbéèrè?"

"Títí oòrùn á fi wọ̀."

Kò ka bébà náà sókè. Bó bá kà á, ó ti yan ọ̀kan. Ó gbé e lọ síwájú ojú Olóye, àwọn tó wà nítòsí sì ń na ọrùn láti rí i: *Agogo yi, omo ni. Iya re wa ninu oko.*

"Agogo yìí, ọmọ ni," ni Olóye wí lọ́gán. "Ìyá rẹ̀ wà nínú oko."

Ariwo sọ. Agogo mìíràn? Agogo tó jẹ́ ìyá? Ṣùgbọ́n Kásìmáawò mi orí. "Ó ti dáhùn," ló wí. "Inú oko."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dáhùn pé àgbọn ni," ni Ìbíyẹmí wí. Ó kọjú sí ògiri. "Olóye, kò sí àmì lórí bébà yìí. Ṣé ó dá ọ lójú pé oko ni?"

Iná àwọ̀ ewé kú. Ó tàn. Ó tún kú.

"Ó lè jẹ́ oko," ni Olóye wí. "Ó lè jẹ́ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ́."

"Ó lè jẹ́ inú ọkọ," ni Ìyá Ràfátù wí. "Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì."

"Ó lè jẹ́ ọkọ," ni Olóye gbà pẹ̀lú rẹ̀.

"Èwo ni?" ni Ìbíyẹmí bi í.

"Mi ò mọ̀."

Gbogbo ilé sọ ọ́ pọ̀: "Ẹ̀ẹ̀kan!" Òfin ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olóye gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ìbéèrè tó lè di èyí tó ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá sì mọ òfin yẹn.

"Èwo ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì!"

Ìbíyẹmí ò fẹ́ kánjú bi ìkẹta. Ó wo Kásìmáawò. Ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti pa á gbẹ̀yìn. "Ẹ bi í," ló wí fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í."

"Olóye, èwo ni?"

"Mi ò mọ̀."

Ariwo tó sọ yẹn, wọ́n ní àwọn apẹja gbọ́ ọ ní ebè iyanrìn. Kásìmáawò ti abẹ bọ àpò, ó yọ fọ́ọ̀mù, ó dúró. "Fọ́ọ̀mù yìí kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò lámì," ló wí. "Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, sà. Ẹ má ràn án lọ́wọ́."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbíyẹmí fi àtè lẹ bébà kékeré náà mọ́ kùkùté keje, ọ̀kan tó wà lókè ilẹ̀kùn sì dúró síbi tó wà. Wọ́n jáde síta. Bàbá Ṣówándé gun àpótí, ó fi wáyà so ahọ́n mọ́ inú agogo, ó fi ọwọ́ nu ìpẹtà rẹ̀, ó fa okùn. Ohùn àkọ́kọ́ há, ó dà bí ikọ́. Ó tún fà á. Ohùn kejì jáde gbangba, ó rékọjá òrùlé, ó lọ sórí omi, àwọn àgbàlagbà tí wọn ò gbọ́ ọ rí láyé wọn sì ń sunkún láìmọ ìdí. Bàbá náà ń sunkún. Ó ń fa okùn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíyẹmí rò pé Bàbá yóò ṣì máa sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, Bàbá ti wà létí omi. Ó da orí ọkọ́ kodò, ó ń fi ìka kan ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ kó-kó-kó.

"Ó ṣófo, Bàbá?" ló pè é.

"Ó dì. Kì í ṣe inú ọkọ́."

"Mo ti tú àpò ọkọ tèmi náà wò," ni Ìyá Ràfátù wí láti ojú fèrèsé kejì. "Obì méjì ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe inú ọkọ."

"Ó ku méjì nìyẹn," ni Bàbá wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀ káàkiri, ó tẹ̀ ẹ́ wò pákó kan lẹ́yìn èkejì, ó mi orí. Ó wá wo òkè jíjìn lápá àríwá, níbi tí àwọn ará ìlú ìsàlẹ̀ ti máa ń dáko láyé ọjọ́sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan fa okùn agogo fún àwọn ọmọ iléèwé. Bàbá Ṣówándé dúró gbọ́ ọ tán. Ó gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀, ó sì dorí kọ oko.